Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlá

Èmi ni mo máa ń sún ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu
ní ilé-iṣẹ́ rédíò tó kọjú sí èbúté Hálífáàsì,
aago mẹ́fà ìdájí, tí yìnyín ṣì ń ya àwòrán sójú fèrèsé.
Verna Boudreau kì í kọjá lára agbálẹ̀ láìkí i torúkọtorúkọ.
Ó ní ẹni tó kí ọ̀gá tí kò kí agbálẹ̀,
owó ló kí, kò tíì kí ènìyàn.

Lẹ́tà ló fi bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀,
igun kékeré kan lábẹ́ ìpolówó táyà.
Wọ́n ń bi í pé: fọ́ọ̀kì wo la ó kọ́kọ́ mú?
Ṣé a lè dá bàtà tí kò báni mu padà fún ẹni tó fi ta wá lọ́rẹ?
Ọkọ tuntun tí ìyàwó mi àtijọ́ fẹ́ gbé òdòdó wá síbi ìsìnkú ìyá mi,
ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ni, àbí obìnrin?
Verna fèsì: Yin òdòdó náà níṣojú àwọn méjèèjì.
A rẹ́rìn-ín. Ìwé ìròyìn tà.

Ni tẹlifíṣọ̀n bá ránṣẹ́ pè é lọ sí Tòróńtò.
Wọ́n to ife mẹ́rin síwájú rẹ̀, wọ́n fi àtíkè pa ojú rẹ̀ rẹ́,
ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ya lórúnkún ní,
"Ẹ bú wọn díẹ̀, Ìyáàfin. Aráyé fẹ́ràn ẹni tí ń bá wọn wí."
Ó bú wọn díẹ̀.
Ó bú ẹni tó gbé fóònù sórí tábìlì,
ó bú ẹni tó fẹnu fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná,
ó bú ìyàwó tuntun tí kò fọwọ́ kọ ìwé ọpẹ́.
Owó dé. Àwòrán rẹ̀ dé ara bọ́ọ̀sì.
Mo rí i lára bọ́ọ̀sì nọ́ńbà keje, ó na ìka sí mi
bí ẹni pé mo nu imú sí aṣọ tábìlì.
N kò fẹ́ràn ìka yẹn. Mo sọ fún un nígbà tó padà sọ́dọ̀ wa.
Ó ní, "Èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀, Lorne, àmọ́ òun ló sanwó òrùlé."

Oṣù kejì ọdún, obìnrin kan pè láti Lunenburg,
ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú:
"Ọkọ mi kú lóṣù kẹwàá. Mo ṣì ń gbé àwo rẹ̀ sórí tábìlì.
Àwọn ọmọ ní kò bójú mu bí àlejò bá wá.
Ìgbà wo ló yẹ kí n gbé e kúrò?"

Verna la ẹnu. Ó pa á dé.
Lórí rédíò, ìdákẹ́jẹ́ lẹ̀ṣẹ̀ tí a kì í dárí jì.
Wọ́n kọ́ mi pé bó bá ti di mẹ́ta, kí n yára fi orin dí i.
Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì. Mẹ́rin. Márùn-ún.
Ó na ìka sí mi, ìka ara bọ́ọ̀sì yẹn gan-an,
ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀.
Mẹ́jọ. Ọkọ̀ ojú omi kan fọn fèrè ní èbúté.
Mọ́kànlá.

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"
"Everett ni."
"Ẹ jẹ́ kí àwo Everett wà níbẹ̀. Bí àlejò bá dé, ẹ fi í hàn án.
Ẹni tí kò bá lè jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ẹ bá a mú kóòtù rẹ̀ wá, jẹ́jẹ́."

Ọ̀gá àgbà kọ̀wé ìkìlọ̀ sí mi nítorí ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.
Verna ló bá mi fèsì, lórí bébà tó nípọn bí awọ.
N ò mọ ohun tó kọ. Wọn kò tún bi mí mọ́.

Lónìí, inú fóònù ni ìka rẹ̀ ń gbé, àwọn ọmọdé ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.
Kò sẹ́ni tó gé ìdákẹ́jẹ́ yẹn pamọ́, àfèmi.
Mo máa ń tẹ́tí sí i lálẹ́:
èémí rẹ̀, ìjókòó tó dún díẹ̀,
fèrè ọkọ̀ tó wọlé láìkanlẹ̀kùn.